Bíà ò kárí! Olówó ń ra àyè, aláìlówó ń sùn sórí ìlà, àwọn mọ́ǹkì ń wo nọ́ńbà mọ́tò

Ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ dà bí àwàdà létí àwọn tó gbọ́ ọ. Ní oṣù keje ọdún 2013, ní ìpínlẹ̀ Vermont, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, obìnrin kan polówó bíà sórí Craigslist, ìyẹn ojú íntánẹ́ẹ̀tì táwọn ará Amẹ́ríkà ti ń ta àga àlòkù, mọ́tò àlòkù àti oríṣiríṣi nǹkan. Páálí márùn-ún ló fẹ́ tà. Oníbàárà dé, owó wọlé, dọ́là 825 ni wọ́n fẹnu kò sí. Àṣé oníbàárà ọ̀hún, agbófinró ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọtí ni, ó kàn díbọ́n ni. Bí wọ́n ṣe fẹ̀sùn kan obìnrin náà nìyẹn pé ó ń ta ọtí láìgba ìwé àṣẹ.

Ẹni tó bá gbọ́ lè rò pé wáìnì olówó iyebíye kan tàbí wisikí tó ti pẹ́ nínú àgbá ni. Rárá o, bíà inú agolo ni. Heady Topper ni wọ́n ń pè é. Nígbà náà, bí èèyàn bá rí i rà lọ́wọ́ àwọn tó ń pọn ọ́n, nǹkan bíi dọ́là mẹ́ta ni agolo kan. Páálí márùn-ún, 120 agolo nìyẹn. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò, ó ń lọ sí dọ́là méje lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iye tó ju ìlọ́po méjì lọ, lórí ohun tí èèyàn máa mu tán, tó máa tọ̀ dànù kí ilẹ̀ tó mọ́!

Ẹni tó jẹ́ pé Star tàbí Gulder ló ń mu nílé ọtí àdúgbò ẹ̀ á máa ṣe hàà. Bí owó bá ti wà lápò, kò sí ìyá ọlọ́tí tó máa ní kí èèyàn lọ mú ìwé ẹgbẹ́ wá kó tó ṣí ìgò fún un. Òótọ́ ni, àmọ́ iléeṣẹ́ ńláńlá ló ń pọn ìyẹn, tírélà ló sì ń gbé e káàkiri. Èyí tí wọ́n ń torí ẹ̀ sáré yìí, craft beer làwọn òyìnbó ń pè é. Iléeṣẹ́ kéékèèké ló ń pọn ọ́n, òmíì wà tó jẹ́ pé tọkọtaya kan àtàwọn òṣìṣẹ́ díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ìkòkò wọn ò tóbi, wọn kì í sì í ṣahun èròjà. Àwọn kan wà tí wọ́n á rọ ọtí ọ̀hún sínú àgbá, wọ́n á fi sílẹ̀ fún odidi ọdún kan kí wọ́n tó rọ ọ́ sígò. Tí irú ẹ̀ bá wá lọ dùn, tí òkìkí ẹ̀ kàn, ìgò 1,000 lè wà nílẹ̀ kó jẹ́ pé èèyàn 10,000 ló ń wá a. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ta ni kí wọ́n tà fún? Ta ni kí wọ́n ní kó máa lọ sílé?

Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ ò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí. Láyé ìjọba Ṣàgàrí, nígbà tí ẹsẹ́ńkò gbòde, tí ìrẹsì àti mílíìkì ò kárí, ẹni tó bá mọ èèyàn ló ń rí lẹ́tà gbà. Ẹlòmíì tó rí lẹ́tà gbà kò tiẹ̀ ní ìsọ̀ kankan, á kàn ta lẹ́tà náà lórí ìdúró ni. Ṣùgbọ́n oúnjẹ nìyẹn. Bíà lèyí o, ẹni tí kò bá rí i mu kò ní í kú. Síbẹ̀, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

John àti Jen Kimmich ni orúkọ tọkọtaya tó ń pọn Heady Topper. Ilé ọtí ni wọ́n ní tẹ́lẹ̀ nílùú Waterbury. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, ìjì tí wọ́n pè ní Irene jà, omi sì ya wọ ilé ọtí náà, ó bà á jẹ́ pátápátá. Ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ bíà yìí sínú agolo níbòmíì tí wọ́n ti ń kọ́ bọ̀. Bí òkìkí agolo náà ṣe kàn nìyẹn. Àwọn èèyàn ń wa mọ́tò bọ̀ láti ìpínlẹ̀ mìíràn, ojú ọ̀nà dí pa, àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2013, tọkọtaya náà ti ìsọ̀ tó wà nídìí iléeṣẹ́ wọn pa. Ẹ ò rí nǹkan! Ọjà ń tà, ó tà débi tí ẹni tó ni ín fi ti ilẹ̀kùn. Ọdún 2016 ni wọ́n tó ṣí òmíì, ìlú Stowe ni wọ́n sì gbé ìyẹn lọ.

Àwọn kan ní kò sí ohun tó tọ́ ju ìlà lọ: ẹni tó kọ́kọ́ dé ni kó kọ́kọ́ rà. Ọ̀nà tí Russian River gbà nìyẹn, ìyẹn iléeṣẹ́ Vinnie àti Natalie Cilurzo nílùú Santa Rosa, ní California. Wọ́n ní bíà kan tẹ́lẹ̀ tí wọ́n sọ ní Pliny the Elder, orúkọ ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Róòmù àtijọ́ kan ni. Nígbà tó di 2005, wọ́n pọn òmíì tó le ju ìyẹn lọ, wọ́n wá fi orúkọ ọmọ tí arábìnrin ọ̀mọ̀wé náà bí, tí ọ̀mọ̀wé ọ̀hún sọ di ọmọ ara ẹ̀, pè é: Pliny the Younger. Agbára ọtí náà jẹ́ 10.25 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ìlọ́po méjì bíà tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fi ń tà á lọ́dún.

Láti 2010, nígbà táwọn tó ń fún bíà ní máàkì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti gbé e sókè téńté, ìlà dé, kò sì lọ mọ́. Àwọn èèyàn ń gbé àga àti kúbùsù wá, wọ́n ń sun ẹ̀bá ọ̀nà mọ́jú. Kò sí owó ẹgbẹ́, kò sí ọlọ́lá tó máa gba ẹ̀yìn wọlé. Tí èèyàn bá wọlé tán pàápàá, iye ife tó lè mu níye, àsìkò tó lè fi jókòó níye, á dìde kí ẹlòmíì jókòó. Títí di 2020, wọn ò rọ ọ́ sígò rárá. Nígbà tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́ sígò lọ́dún náà, wọ́n ní iye tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ rà.

Inú ìlú ń dùn sí i, kí lẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe? Ìjọba ìbílẹ̀ Sonoma tó ni agbègbè náà ṣírò ẹ̀ ní 2020, wọ́n ní owó tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là ló wọlé fún agbègbè náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn. Àwọn onílé ìtura ń jẹ níbẹ̀, àwọn olóúnjẹ ń jẹ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa. Ọjọ́ Friday ni wọ́n máa ń ṣí i nígbà náà, ọjọ́ iṣẹ́ ni. Ta ló lè fi ọjọ́ iṣẹ́ sílẹ̀ kó lọ jókòó síta láti òru? Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ò lè ṣe é. Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì ò lè ṣe é. Ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ ńkọ́? Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn ńkọ́? Àwọn tí wọ́n lè lọ ni ẹni tó lè gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, tó lè sanwó ọkọ̀ òfuurufú, tó lè sùn sí òtẹ́ẹ̀lì. Àwọn míì á sì kúkú sanwó fún ọmọ kan pé kó bá àwọn dúró. Ìlà tí wọ́n ní kì í wojú yẹn, ó ń wo àpò dáadáa.

Nígbà tó jẹ́ pé owó ló kúkú ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ kan ní kí ló dé táwọn ò ní í gba owó náà fúnra àwọn. Ẹni tó ta yọ jù nínú eléyìí ni The Bruery, tó wà ní Placentia, ní California yẹn náà. Patrick Rue ló dá a sílẹ̀ ní 2008. Òfin ló lọ kà ní yunifásítì, ìgbà tó wà níbẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í pọntí nílé, ọtí sì borí òfin. Lọ́jọ́ Tuesday kan lọ́dún 2008 yẹn, wọ́n ń pọn bíà dúdú kan, gbogbo nǹkan tó lè bàjẹ́ ló bàjẹ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n wá sọ ọtí ọ̀hún ní Black Tuesday. Inú àgbá tí wọ́n ti fi ṣe wisikí rí ni wọ́n rọ ọ́ sí, ó wà níbẹ̀ ju ọdún kan lọ, ìgbà tí wọ́n sì máa fi gbé e jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2009, agbára ẹ̀ ti lé ní 19 nínú ọgọ́rùn-ún. Wáìnì ò tó o! Èrò ya bò wọ́n.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹgbẹ́ wọlé. Ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Reserve Society, owó ni èèyàn ń san lọ́dọọdún kó tó wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ti san án, wọ́n á fún un ní àwọn ìgò kan, wọ́n á yọ owó fún un lórí ọjà, ó sì láǹfààní láti ra àwọn ọtí tí wọn ò gbé síta fún ará ìta. Chocolate Rain, ìyẹn Black Tuesday tí wọ́n fi kòkó àti fànílà sí, wà lára irú ọtí bẹ́ẹ̀. Kò tán síbẹ̀ o. Ẹgbẹ́ mìíràn tún wà lókè ìyẹn, èèyàn kì í kàn wọ̀ ọ́, wọ́n ń pe èèyàn sí i ni. Ẹ gbọ́ orúkọ ẹ̀: Hoarders Society. Ẹgbẹ́ àwọn akónǹkan-pamọ́! Wọn ò tiẹ̀ fi bò.

Ó dà bí ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí lóde àríyá. Ẹni tó ra aṣọ ni wọ́n ń gbé àwo ńlá fún, òun náà ni wọ́n ń fún ní agbòòrùn àti ike. Ẹni tí kò rà á, bó tiẹ̀ jẹ́ ọmọ-ìyá ọlọ́jọ́ ìbí, á máa na ọrùn wo ẹni tó ń gbé oúnjẹ kọjá.

Kò yẹ ká sọ pé ìwà olè ni. Ẹni tó rọ ọtí sínú àgbá lónìí, ọdún kan ó lé ni kó tó rí owó ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó gbọ́dọ̀ san owó òṣìṣẹ́ àti owó iná lóṣooṣù. Owó ẹgbẹ́ tó wọlé níbẹ̀rẹ̀ ọdún, òun ni wọ́n fi ń ra àgbá. Iléeṣẹ́ náà ti mọ iye èèyàn tó máa rà, kò ní í pọn àpọ̀jù. Ìyá ọlọ́mọ tí kò lè sun ojú títì lè jókòó sílé kó sanwó, kó wá gbé tiẹ̀ lọ́jọ́ tó bá wù ú. Ìyẹn dáa.

Ohun tí kò dáa níbẹ̀ ni pé ọjà tí wọ́n ń tà ti yí padà. Kì í ṣe bíà nìkan ni wọ́n ń tà mọ́, wọ́n ń ta pé ẹlòmíì ò ní i. Ọmọ ẹgbẹ́ ti sanwó kó tó mọ̀ bóyá ọtí ọdún náà máa dùn. Bó bá sì ti sanwó, ó gbọ́dọ̀ rí nǹkan àrà gbà, torí náà iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa wá oríṣi tuntun gbé jáde, lóṣù yìí, lóṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó rò pé òun ń ra ọtí ọ̀wọ́n á wá rí i pé ilé òun ti kún fún ìgò, kò ráyè mu wọ́n, kò sì fẹ́ jáwọ́ nínú ẹgbẹ́ torí kí àyè òun má baà bọ́. Àwọn ọlọ́gbọ́n kan ti sọ ọ́ di àjọ: mẹ́ta tàbí mẹ́rin á dáwó jọ, orúkọ ẹnì kan ni wọ́n á fi wọlé, wọ́n á wá pín ìgò. Àwọn míì ń fi ìgò ṣe pààrọ̀ pẹ̀lú ará ìta, wọ́n sì ń rí èrè níbẹ̀. Ní 2017, Patrick Rue ta èyí tó pọ̀ jù nínú iléeṣẹ́ náà fún Castanea Partners, iléeṣẹ́ àwọn olówó tó ń dókòwò káàkiri. Ohun tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ ń rà kì í ṣe ìkòkò àti àgbá nìkan, orúkọ àwọn tó ń sanwó lọ́dọọdún wà níbẹ̀.

Three Floyds, ní ìlú Munster, ní Indiana, fi tiẹ̀ ṣe ọdún. Ọjọ́ kan lọ́dún ni wọ́n ń ta Dark Lord, orin á máa dún, oúnjẹ á wà, ẹni tí kò bá sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú, kó máa gbádùn òórùn ẹ̀ láti ìta.

Bẹ́ẹ̀, àwọn kan wà lórílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù tí wọn ò gba owó ẹgbẹ́, tí wọn ò sì fẹ́ ìlà níwájú ilé wọn. Àwọn ọkùnrin náà ò fẹ́yàwó, agogo ló ń jí wọn lọ gbàdúrà. Mọ́ǹkì ni wọ́n nínú ìjọ Kátólíìkì, àwọn tí wọ́n ń pè ní Trappist. Sint-Sixtus ni ilé wọn ń jẹ́, ó wà ní abúlé Westvleteren, kò jìnnà sí ààlà ilẹ̀ Faransé. Ọdún 1831 ni wọ́n dá a sílẹ̀, kò sì pẹ́ sígbà náà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọntí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe la ẹnu sílẹ̀ o, ọjọ́ ti pẹ́ táwọn mọ́ǹkì ilẹ̀ Yúróòpù ti ń pọntí, iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n fi ń bọ́ ara wọn ni, èyí tó bá sì ṣẹ́ kù, wọ́n á fi ṣàánú.

Oríṣi bíà mẹ́ta ni wọ́n ń pọn. Èyí tó le jù, Westvleteren 12, jẹ́ 10.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìgò ẹ̀ ò ní lébẹ́lì rárá, ìdérí orí ẹ̀ ni èèyàn fi ń mọ̀ ọ́n. Nǹkan bíi lítà 500,000 ni wọ́n ń pọn lọ́dún, wọn kì í sì í fẹ́ kó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ni pé àwọn ń pọntí káwọn lè rí ọ̀nà ṣe mọ́ǹkì, àwọn ò ṣe mọ́ǹkì nítorí ọtí.

Ní 2005, àwọn tó ń dìbò lórí RateBeer sọ pé Westvleteren 12 ni bíà tó dáa jù láyé. Ẹ̀rù ba àwọn mọ́ǹkì. Mọ́tò tò lọ rẹrẹẹrẹ lójú ọ̀nà abúlé, ọtí tán nílẹ̀. Ká ní oníṣòwò ni wọ́n ni, owó ni wọ́n ìbá fi lé e. Wọn ò fi kọ́bọ̀ lé e. Òfin ni wọ́n ṣe: ẹni tó bá fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ fóònù, kó sọ nọ́ńbà mọ́tò tó máa gbé wá, kí wọ́n dá ọjọ́ àti wákàtí fún un. Iye àpótí tó lè gbé níye. Nọ́ńbà mọ́tò yẹn àti nọ́ńbà fóònù yẹn ò sì ní í rí òmíì rà títí nǹkan bí oṣù méjì á fi pé. Wọ́n á tún kìlọ̀ fún un pé kó má lọ tà á fún ẹlòmíì. Olówó ni o, òṣèlú ni o, mọ́tò kan náà ni gbogbo wọn ń wà wá.

Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n yẹsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì sọ ìdí ẹ̀. Ilé wọn ń fẹ́ àtúnṣe, owó ò sì tó. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2011, wọ́n gba súpámákẹ́ẹ̀tì Colruyt láyè kó bá wọn ta páálí kan ní Bẹ́ljíọ̀mù, ìgò mẹ́fà àti ife méjì. Lọ́jọ́ kejìlá, oṣù kejìlá, ọdún 2012, irú páálí náà dé Amẹ́ríkà, nǹkan bíi dọ́là 85 ni wọ́n tà á níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe rí owó ilé, wọ́n padà sí bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀.

Ṣé ọgbọ́n wọn wá dènà àwọn aláròóbọ̀? Kò dènà wọn tán. Fóònù wọn ò ṣeé wọ̀, èèyàn lè tẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀ títí ọwọ́ á fi bó. Nígbà tó di 2018, súpámákẹ́ẹ̀tì kan ní Họ́láńdì, Jan Linders lorúkọ tó ń jẹ́ nígbà náà, ṣàdédé kó ìgò tó lé ní 7,000 jáde, ó ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bíi yúrò mẹ́wàá. Àwọn mọ́ǹkì ò gbé e fún un o! Ìgò tí àwọn ń tà tí kò tó yúrò méjì. Ó dun wọ́n, wọ́n sì sọ ọ́ síta pé kò tọ́, pé àwọn ò pọn ọtí àwọn kí ẹnì kan fi sọ ara ẹ̀ di olówó. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní oṣù kẹfà ọdún 2019, wọ́n gbé ọjà náà lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èèyàn á forúkọ sílẹ̀, á fi nọ́ńbà mọ́tò sílẹ̀. Àrà tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí kò rà rí, tàbí tó ti pẹ́ jù tó ti rà kẹ́yìn, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń dá lóhùn.

Ẹ fi ìyẹn wé ẹgbẹ́ àwọn akónǹkan-pamọ́. Lọ́hùn-ún, ẹni tó ti rà jù ni wọ́n ń pè wọ ìyẹ̀wù. Níbí, ẹni tó ti rà jù ni wọ́n ní kó dúró sẹ́yìn. Tẹni tí kò ní mọ́tò ló ṣì kù nígbà náà, àfi kó wá ọ̀rẹ́ tó máa gbé e lọ, tàbí kó lọ jókòó ní In de Vrede, ilé ọtí tó kọjú sí ọgbà àwọn mọ́ǹkì, níbi tí wọ́n ti ń rọ ọ́ sí ife fún ẹnikẹ́ni tó bá wọlé. 

Ohun kan ṣì wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sáré kiri ò fẹ́ gbọ́. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, àwọn mọ́ǹkì Sint-Sixtus fẹ́ dín iṣẹ́ ọtí kù. Ní 1946, wọ́n fún iléeṣẹ́ kan níyọ̀ǹda láti máa bá wọn pọn ọ́n kó sì máa tà á, ní ìlú Watou tí kò jìnnà sí wọn. St. Bernardus ni iléeṣẹ́ náà. Àdéhùn ọ̀hún wà títí di 1992, nígbà tí wọ́n ní inú ọgbà àwọn mọ́ǹkì nìkan ló yẹ kí wọ́n ti máa pọn ohun tó bá ń jẹ́ Trappist. Àdéhùn parí, ṣùgbọ́n St. Bernardus ò da ìkòkò nù. Ó ń pọn ọtí náà lọ lórúkọ ara ẹ̀, ó ń kó o lọ sí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, tí èyí tó le jù nínú ẹ̀ ń jẹ́ Abt 12. Àwọn tó mọ bíà dáadáa sọ pé bí ìbejì ni òun àti ti àwọn mọ́ǹkì, àwọn kan tiẹ̀ ní tí wọ́n bá di àwọn lójú, àwọn ò ní í mọ èyí tó jẹ́ èwo. Orí pẹpẹ ìsọ̀ ló wà. Kò sẹ́ni tó ń béèrè nọ́ńbà mọ́tò lórí ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń sun ojú títì nítorí ẹ̀.